Ibi Tí Ọ̀fun Páìpù Ti Há

Nígbà tí mo ṣí ẹ̀rọ omi kejì, ti àkọ́kọ́ kú.

Kò kú pátápátá o. Ó kàn rẹ̀ ẹ́ ni, bí ẹni tí wọ́n já oúnjẹ gbà lẹ́nu rẹ̀. Omi tó ń ya sínú garawa mi tẹ́lẹ̀ wá rí tín-ín-rín bí òwú. Mo ti ẹ̀rọ kejì pa, ti àkọ́kọ́ jí. Mo tún un ṣí, ó tún rẹ̀ ẹ́.

"Kúnbi," mo ní, "ṣé bó ṣe máa ń ṣe nìyí?"

"Bẹ́ẹ̀ náà ni, Màmá. Tí mo bá ń fọ abọ́ ní kíṣìnnì, ẹni tó wà ní bálùwẹ̀ á máa pariwo pé ọṣẹ ti wọ òun lójú."

Mo rẹ́rìn-ín. Kò yẹ kí n rẹ́rìn-ín, nítorí pé ọmọ ọlọ́mọ kan wà ní sẹ́ẹ̀lì ọlọ́pàá ní Kétu nítorí omi yìí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín kì í tọrọ àyè lọ́wọ́ mi kó tó jáde. Orin pàápàá kì í tọrọ.

Mojeed lorúkọ ọmọ náà, púlọ́ńbà ni. Òun ló fa omi láti orí táńkì wọ òkè ilé Bàbá Adéníran ní Ìkòsì níbí, níbi tí Bọ̀wálé ọmọ Bàbá àti Kúnbi ìyàwó rẹ̀ ń gbé pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn. Bàbá fúnra wọn ń gbé ìsàlẹ̀. Nígbà tó yá tí omi òkè wá ń fà bí ìgbín, Bọ̀wálé ní Mojeed ti ri páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́nú ògiri, ó sì ti jẹ owó páìpù ńlá. Ó gba àpótí irinṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ náà, ó pe ọlọ́pàá sí i. Àná ni wọ́n gbé e lọ. Òní gan-an ló sì yẹ kó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ilé alájà mẹ́ta kan ní Gbàgádà, irú iṣẹ́ tí kò tíì bọ́ sí i lọ́wọ́ rí láyé ẹ̀. Ọ̀gá ibẹ̀ ti ní tí òun ò bá rí i kí wọ́n tó kírun ọ̀sán, òun á pe ẹlòmíràn.

Yàrá kan nínú ilé mi ni Mojeed ń gbé, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà fi kàn mí. Yàtọ̀ sí ìyẹn, èmi náà ni wọ́n ń pè ní Màmá Olórin. Tí nǹkan bá sọnù ní àdúgbò wa, èmi ni wọ́n máa ń wá bá. Èmi ni mo rí agogo ṣọ́ọ̀ṣì lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ẹni tó ń ṣáájú àdúrà pé kí Ọlọ́run fi olè hàn.

Mo gbé garawa mi sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ẹ̀rọ ìsàlẹ̀, èyí tó wà lẹ́bàá táńkì ní ẹ̀yìnkùlé Bàbá. Mo ṣí i, mo bẹ̀rẹ̀ orin garawa. Aago tèmi nìyẹn, mi ò ní òmíràn.

*Omi, rọra wá o,*
*omi àárọ̀, omi tútù,*
*garawa mi ò jò o,*
*ẹni tó ń pọnmi kì í bómi jà.*

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ dé "garawa mi ò jò" ni omi ti kún, ó ń ṣàn lé mi lẹ́sẹ̀. Mo padà gòkè. Pẹ̀lú ẹ̀rọ kan péré, mo kọ orin náà tán, mo tún un mú láti ìbẹ̀rẹ̀ kí garawa kan náà tó kún. Nígbà tí mo ṣí ẹ̀rọ méjèèjì pọ̀, mo kọ ọ́ títí, mo fi alelúyà kún un, mo fi àwúre tẹ̀ lé e, Kúnbi ti ń gberin lẹ́yìn mi, omi ò tíì ju ìdajì lọ.

"Màmá, kí lẹ rí?"

"Bí ẹnu ọ̀nà bá fẹ̀, tọkọtaya á jọ wọlé. Bó bá há, ọ̀kan á dúró de ìkejì. Ẹ̀rọ kíṣìnnì àti ti bálùwẹ̀ ń dúró de ara wọn. Ibi tó há kò sí lẹ́nu ẹ̀rọ kankan nínú àwọn méjèèjì, nítorí èyíkéyìí tó bá dá nìkan wà ń gbìyànjú. Ó wà lọ́nà, níbi tí wọn ò tíì yà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀."

"Mo ti sọ bẹ́ẹ̀!" Bọ̀wálé ló wọlé yẹn, pẹ̀lú ọwọ́ dúdú gíríìsì. Irin àti ẹ̀yà mọ́tò ló ń tà ní Owódé Onírin. "Inú ògiri ni! Páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ ló rì mọ́bẹ̀. Màmá, irin ni mò ń tà. Bàbá mi náà, páìpù ni wọ́n ń rì mọ́lẹ̀ ní Ṣàgámù nígbà tí wọ́n wà ní ọ̀dọ́. Kò sẹ́ni tó lè kọ́ mi ní páìpù."

"Ẹ pẹ̀lẹ́, ọmọ onípáìpù. Pọ́ǹpù tuntun wo ni mo rí lẹ́bàá bóòhóòlù yẹn?"

"Èmi ni mo rà á. Ńlá ni. Mo ní bóyá á ti omi gòkè."

"Ó tì í gòkè?"

Ó wo ilẹ̀. "Rárá, Mà."

"Iṣẹ́ pọ́ǹpù ni kó gbé omi dé orí táńkì. Láti táńkì wá, omi ló ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn. Ẹni tó bá se ọbẹ̀ kún ìkòkò, ṣé ó ti bù ú sí àwo ni?" Mo yíjú sí Kúnbi. "Lọ́jọ́ tí Mojeed parí iṣẹ́, báwo lomi ṣe rí?"

Ojú Kúnbi tàn. "Háà! Ó ta sí mi lójú, Màmá. Wíìgì mi rin gbingbin. Fikáyọ̀ ọmọ mi rẹ́rìn-ín títí ó fi ṣubú."

"O gbọ́, Bọ̀wálé? Omi tó ta sí ìyàwó ẹ lójú lọ́jọ́ náà, inú páìpù tí Mojeed rì mọ́ ògiri ló gbà wá. Ṣé páìpù máa ń gbẹ sí i bí àgbàlagbà ni?"

Bọ̀wálé nawọ́ sí ojú fèrèsé. "Tí kì í bá ṣe ìyẹn, á jẹ́ pé wọ́n ń jí i fà. Ẹ lọ bi Sàká tó ń fọ ọ̀kadà lẹ́yìn fẹ́ǹsì. Òun àti Mojeed ló jọ máa ń jẹun."

Mo lọ. Sàká fi ẹsẹ̀ kan lé orí táyà, ó ń fi ọ̀sì, rọ́bà gígùn tí omi ń gbà, tú omi sí ìdí ẹńjìnnì, ó sì ń pariwo orin.

"Màmá Olórin! Ẹ ti ra ọ̀kadà ni?"

"Nígbà tí mo bá rà á, ìwọ ni mo máa gbé sẹ́yìn. Níbo ni omi yìí ti ń wá?"

Ó mọ ohun tí mò ń béèrè. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. "Wọ́n ti ní èmi ni, àbí? Ẹ tẹ̀ lé ọ̀sì náà."

Mo fi ọwọ́ tọ ọ̀sì náà bí ẹni tó ń tọ okùn ewúrẹ́, títí tó fi gba ara pọ́ǹpù kékeré kan wọ inú kànga tirẹ̀. Sàká bu omi díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ hàn mí. Ó pupa rúsúrúsú.

"Omi Bàbá mọ́ bí omi òjò. Màmá, tí mo bá máa jalè, ṣé èyí tó pupa ni mo máa jí?"

"Ọ̀rọ̀ ẹ ti tó. Má bínú."

"Mi ò bínú. Mojeed ló ń ṣe mí láàánú." Ó tún gbé ọ̀sì. "Ilé Bàbá yẹn tún ti dùn báyìí ṣá. Ó ti dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n fa omi gòkè. Ní báyìí mo tún ti ń gbọ́ ariwo àwọn ọmọ níbi ẹ̀rọ. Bàbá ti ní kí káfíńtà ṣe bẹ́ǹṣì fún wọn."

Bẹ́ǹṣì. Mo ti rí i nígbà tí mò ń pọnmi, ojú mi kàn rékọjá lórí rẹ̀ ni. Mo dákẹ́ orin. Nígbà tí mo bá dákẹ́ orin, àwọn ará ilé mi máa ń bẹ̀rù.

Mo gba Kétu lọ. Kọ́pùrù Loveth ló wà lórí káńtà, ọmọbìnrin tó sanra dáadáa, tó máa ń pè mí ní Mama Singer.

"Mama Singer, this your boy no gree chop since morning o. But I no fit open door unless the person wey bring am come withdraw am."

"Mo mọ̀, ọmọ mi, àfi kí ẹni tó mú un wá fa ẹ̀sùn sẹ́yìn. Jẹ́ kí n bi í ní ọ̀rọ̀ bíi mélòó kan."

Wọ́n mú Mojeed jáde síbi irin. Kò sí bàtà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀, mo ní kó fi sílẹ̀.

"Páìpù wo lo lò?"

"Onííǹṣì kan ni, Màmá, láti táńkì títí dé òkè. Ibi tó ti yà sí kíṣìnnì àti bálùwẹ̀ ni mo ti fi rídúsà, ìsopọ̀ tó ń dín páìpù kù, sọ ọ́ di tíríkọ́tà, èyí tó kéré díẹ̀ sí i. Ẹnu ẹ̀rọ nìkan ni mo ti lo ààbọ̀ íǹṣì. Omi máa ń fẹ́ ọ̀nà gbòòrò níbi tí wọ́n bá ti pọ̀, tí wọ́n bá ti pín ni èèyàn lè máa dín in kù."

"Kí lo fi so wọ́n?"

"Sọ́kẹ́ẹ̀tì àti gọ́ọ̀mù. Kò sí ibì kan tí mo ti yan páìpù lórí iná. Ayé àtijọ́ nìyẹn."

"Ibo ló gbà gòkè?"

"Ẹ̀yìn yàrá Bàbá. Ìta ògiri ló wà níbẹ̀."

Mo sún mọ́ irin. "Lọ́jọ́ tí o parí, nígbà tí gbogbo wọn ń yọ̀, ta ni kò yọ̀?"

Ó ronú. "Gbogbo wọn ló yọ̀. Àfi Bàbá... wọ́n kàn wò mí, wọ́n ní, 'Ìwọ ọmọ yìí, o ṣe é dáadáa jù.'"

"Wọ́n rẹ́rìn-ín sí i?"

"Rárá, Mà. Mo rò pé wọ́n ń yìn mí ni."

Oòrùn ti ń gun orí. Ọkàn mi ti mọ ibi tó ń lọ, ẹsẹ̀ mi ló ń fà sẹ́yìn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn kí wọ́n wá olè kàn, ìgbà míì wà tó jẹ́ pé ẹni tí ẹ máa bá nídìí ọ̀rọ̀, ẹ máa fẹ́ pa ilẹ̀kùn dé padà fún un.

Bàbá Adéníran jókòó lórí bẹ́ǹṣì lẹ́bàá ẹ̀rọ, wọ́n ń ṣa ẹ̀pà sínú àwo. Àwọn kọ́ọ̀bù kéékèèké wà lórí òkúta, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọ̀ tirẹ̀. Lẹ́nu ọ̀nà wọn ni àmù kan wà, ó kún dẹ́nu, ara rẹ̀ tutù.

"Ẹ káàsán, Bàbá Bọ̀wálé."

"Ìyá Jọkẹ́, ẹ káàbọ̀. Ẹ bá mi jẹ ẹ̀pà."

Mo jókòó, mo jẹ ẹ̀pà. Ó dùn. "Àmù yìí tutù dáadáa. Ẹ ní ẹ̀rọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ẹ tún ń pọn omi sí àmù?"

"Kì í ṣe èmi ni mo pọn ọ́n. Àwọn ọmọ ni." Wọ́n rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tó máa ń sọ àgbà di ọmọdé. "Wọn kì í pọn tiwọn láìkọ́kọ́ pọn tèmi. Kúnbi tọ́ wọn dáadáa."

Mo wo ògiri ẹ̀yìn yàrá. Páánù ògbólógbòó kan fara tì í.

"Kí ni páánù yẹn ń ṣe níbẹ̀?"

"Ó... nítorí òjò ni."

"Òjò wo ló ń gba ẹ̀gbẹ́ ògiri rọ̀, Bàbá?"

Mo dìde, mo gbé páánù náà kúrò. Páìpù Mojeed ń gun ògiri bọ̀, ó funfun, ó tọ́, ó sanra. Lójijì, níbi tó ga tó àyà mi, ó di tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìka ọwọ́, fún nǹkan bí ìbú àtẹ́lẹwọ́, ó sì tún padà sanra. Kò sí sọ́kẹ́ẹ̀tì, kò sí gọ́ọ̀mù. Wọ́n ti yan ẹnu èyí tó tóbi lórí iná títí tó fi rọ̀, wọ́n fún un mọ́ kékeré, wọ́n fi rọ́bà inú táyà dì í yíká. Etí rẹ̀ ti pọ́n bí ẹ̀wà tó jóná. Kò jò rárá. Ẹni tó ṣe é mọ iṣẹ́, iṣẹ́ ìgbà tí sọ́kẹ́ẹ̀tì ṣì ṣọ̀wọ́n.

"Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Ṣàgámù nìyí, àbí?"

Ọwọ́ Bàbá dúró nínú ẹ̀pà.

"Mi ò dí i pa," wọ́n ní. "Ìyá Jọkẹ́, mi ò dí i pa. Mo kàn fún un díẹ̀ ni, kó má baà tó wọn lókè."

"Kí ló dé?"

"Ilé kan náà la jọ wà. Àtẹ̀gùn wọn gba iwájú jáde. Kí wọ́n tó fa omi yìí, láàárọ̀, ẹ̀yìnkùlé mi ni gbogbo wọn máa ń wá. Ọmọ á kúnlẹ̀, á pọnmi kún àmù mi, á ní, 'Bàbá àgbà, mo lá àlá.' Bọ̀wálé náà á dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú garawa lọ́wọ́. Lọ́jọ́ tí omi gòkè, ẹsẹ̀ wọn ò sọ̀ mọ́. Mò ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ wọn lórí àjà mi láràárọ̀. Aláǹtakùn ta okùn sídìí àmù mi, Ìyá Jọkẹ́."

Mo padà jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

"Ẹ mọ̀ pé wọ́n ti mú Mojeed?"

"Bọ̀wálé sọ fún mi lánàá. Mo ní mo máa jẹ́wọ́. Ni Fikáyọ̀ bá wá pọnmi, ó jókòó síbi tí ẹ jókòó sí yẹn, ó ń kọ́ mi ní orin ilé ìwé wọn." Wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Mo gbé ọ̀rọ̀ náà mì."

Mo pe Bọ̀wálé. Ó sọ̀ kalẹ̀, Kúnbi tẹ̀ lé e. Mo nawọ́ sí ara ògiri. Ó wo páìpù, ó wo rọ́bà, ó wo bẹ́ǹṣì àti àwọn kọ́ọ̀bù. Ọmọ onípáìpù ni lóòótọ́, kò pẹ́ kó tó yé e.

"Dádì," ó ní, "ẹ ò bá ti pè mí."

"Mo pè ọ́. O ní o wà ní Owódé, o máa pè mí padà."

Kúnbi bo ẹnu rẹ̀. Láti mọ́ṣáláṣí tó wà lójú pópó, wọ́n ń pe ìrun ọ̀sán.

Bọ̀wálé sáré gbé mọ́tò, mo jókòó sẹ́yìn, n kò kọrin. Ní téṣàn, Loveth ò béèrè púpọ̀. Bọ̀wálé ní òun ti fa ẹ̀sùn náà sẹ́yìn, òun ló ṣe àṣìṣe. Wọ́n fún Mojeed ní bàtà àti fóònù rẹ̀. Ibẹ̀ náà ló ti pe Gbàgádà. A gbọ́ ohùn ọ̀gá náà láti inú fóònù, ìró òòlù ń dún lẹ́yìn rẹ̀.

"Mojeed, ẹlòmíràn ti gun àkàbà. Àti pé, wọ́n ní àgọ́ ọlọ́pàá lo wà. Ilé àwọn ènìyàn nìyí, ṣó o gbọ́?"

Bọ̀wálé gba fóònù náà. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, èmi ni mo parọ́ mọ́ ọn, ẹ dákun..." Ṣùgbọ́n wọ́n ti gé e. Ó tún pè é, wọn ò gbé e.

Lójú ọ̀nà, mo ní, "Mojeed, jẹ́ ká lọ sílé, kó o jẹun."

"Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dé ilé Bàbá, Màmá. Wọ́n ti ba iṣẹ́ mi jẹ́ lára ògiri yẹn."

"Ṣé ìwọ náà lo máa tún un ṣe?"

"Omi kò ṣẹ̀ mí."

Nígbà tí a dé, Bàbá dìde lórí bẹ́ǹṣì. Wọ́n fẹ́ kúnlẹ̀ fún ọmọdé, Mojeed yára di ọwọ́ wọn mú.

"Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, Bàbá. Ẹ jókòó."

"Dárí jì mí."

Mojeed ò sọ pé ó tán, kò sì sọ pé kò tán. Bọ̀wálé gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ wá pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ọmọ náà ti omi táńkì pa, ó ré ibi tí wọ́n yan, ó fi páìpù tó bá ẹgbẹ́ rẹ̀ mu dípò, ó fi gọ́ọ̀mù sí i, ó nu etí rẹ̀ bó ṣe máa ń nù ún. Ó dúró kó gbẹ. Ẹyọ tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn, ó fi lé Bàbá lọ́wọ́.

"Ọwọ́ yín ṣì dára, Bàbá," ó ní. "Kò jò. Ẹ ò bá sọ fún mi lọ́jọ́ náà pé ẹ ò fẹ́ kí n ṣe é tán. Ǹ bá fi ẹ̀rọ kan sílẹ̀ lókè láìfà omi sí i, kí wọ́n lè máa sọ̀ wá pọnmi lọ́dọ̀ yín."

Ó gbé àpótí lé èjìká, ó jáde. Ìgbà tó dé ẹnu géètì ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé èjìká náà ń gbọ̀n.

Lókè, Kúnbi ṣí ẹ̀rọ kíṣìnnì, ó ṣí ti bálùwẹ̀, kò sí èyí tó dúró de ìkejì. Mo gbọ́ omi tó ń bú, mo gbọ́ Fikáyọ̀ tó ń pariwo ayọ̀. Nísàlẹ̀, Bàbá mú páìpù kékeré náà dání bí ẹni tó mú eyín ọmọ tó ká. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn kọ́ọ̀bù jọ.

Mo rò pé ó ti tán. Mo ti tún gèlè mi wé, mo fẹ́ máa lọ. Ni Bọ̀wálé bá gba iwájú ilé yípo wá sẹ́yìn, garawa lọ́wọ́ rẹ̀, gíríìsì ò tíì kúrò lára rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ.

"Ẹ káàsán, Dádì. Mo wá pọnmi."

"Omi ti wà lókè, Bọ̀wálé."

"Mo mọ̀, sà."

Àmù ṣì kún. Ó gbé e, ó da omi náà sídìí efinrin kó lè rí àyè pọn òmíràn, ó gbé garawa sábẹ́ ẹ̀rọ, ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀. Mo bá wọn dá orin garawa.

*Omi, rọra wá o,*
*omi àárọ̀, omi tútù...*

Mi ò tíì dé ibi garawa tí omi ti kún dẹ́nu. Mo ti ń fi orin yẹn wọn omi tipẹ́tipẹ́. Ọjọ́ yẹn nìkan ló dùn mí pé omi yára.